Isaac Fadoyebo, Sójà Bọ́mà tí Kò Gbàgbé Olóore

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ pàápàá, ó ṣeé ṣe kí àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé yín tí ojú yín ti mọ́ ọn débi pé ẹ kì í rí i mọ́. Àwòrán àtijọ́ ni, eruku ti bo dígí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ ológun, ó dé fìlà pupa gíga, kò sì rẹ́rìn-ín. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Porto-Novo tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, ilé tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà kò kéré. Bí ẹ bá béèrè ẹni tí ó jẹ́, wọn a ní bàbá bàbá yín ni, wọ́n jẹ́ ancien combattant. Bí ẹ bá tún béèrè ibi tí wọ́n ti jagun, orúkọ ilẹ̀ kan tàbí méjì ni ẹ óò gbọ́: Faransé, Indochine, Algérie. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tán.

Àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí kò sàn jù yín lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń rí àwọn bàbá wọ̀nyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira. Wọn a tò sí iwájú èrò, àmì ẹ̀yẹ a máa dún wòròwòrò ní àyà wọn, àwa ọmọdé a sì máa sín ìrìn wọn jẹ. A kò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìgbà tí ọgbọ́n dé, tí a mú ìwé àti bírò, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn kiri, opó àti ọmọ ọmọ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rántí ọkùnrin kan ní oṣù yìí tí kì í ṣe ọmọ Benin tàbí Togo, tí kò sì wọ aṣọ ológun Faransé rí. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ẹmùré-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti jagun Hítílà, ní ilẹ̀ Bọ́mà tí ayé ń pè ní Myanmar lónìí. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn bàbá inú àwòrán wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó tó kú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé a ti ré ààlà kọjá lọ wá ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá. Ààlà ọ̀hún kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Paris tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ẹbí rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ibi tí ilé baba ẹni bọ́ sí ni ó ń sọ ogun tí èèyàn yóò jà. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, tí àwọn Faransé ń wá ọ̀dọ́ kó lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ẹkùn Kétu di ẹrù wọn, wọ́n sá wọ apá Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn gbé ohun ìjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ ìtàn náà sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga sì lè wá ìwé rẹ̀ kà.

Ti Isaac kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé e mú. Ní ọdún 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó gbéra ní tirẹ̀, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wá pe aláìmọ̀wàáhù bí a ti ń pe àgbàlagbà ní "ó". Ọmọ ọdún 16 ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, kò sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ àgbà bo ọmọdé mọ́lẹ̀ débi tí a kò fi ní rí i mọ́. Bí ó bá dàgbà, àwa náà yóò pè é bí ó ti yẹ.) Ó ti ka ìwé díẹ̀, ó sì fẹ́ rí ayé. Ogun tí àwọn baba ní Kétu sá fún, ojú ìrìn-àjò ni ọmọdé yìí fi wò ó.

Nítorí pé ó mọ̀wé, ẹ̀ka ìwòsàn ni wọ́n fi í sí. Wọn kò fi í sí ara àwọn tí yóò máa yìnbọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú àwọn tí ọta bá. Ní ọdún 1943 ni ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí gúúsù Áfíríkà po lọ sí Íńdíà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni a ń pè ní 81st West African Division. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni ó kún inú rẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn sì jẹ́ òyìnbó. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn ni aláǹtakùn dúdú, Ànáńsè tí àwọn ará Gánà máa ń pa àlọ́ nípa rẹ̀. Ó jọ wá lójú pé ẹni tí ó yan àmì náà mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹranko kékeré ni aláǹtakùn, ọgbọ́n ni ó fi ń bọ́ nínú wàhálà.

Ibi tí wọ́n rán wọn lọ ni àfonífojì odò Kaladan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà. Igbó dídí ni, òkè lórí òkè. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọ ibẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ Áfíríkà yìí ni ó fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà kan tí ó gùn ju 100 kìlómítà lọ, èyí tí a mọ̀ sí "West African Way" títí dòní. Níbi tí ọ̀nà tán sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ìrẹsì, ọta àti oògùn, láti ojú òfurufú ni ọkọ̀ òfurufú ti ń jù wọ́n sílẹ̀ fún wọn. Ṣáájú wọn, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a ti rán lọ sójú ogun pẹ̀lú ìpinnu pé ojú òfurufú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ yóò ti máa wá. Ẹ kò ní rí èyí nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ogun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń pe àwọn tí ó jà ní Bọ́mà ní ọmọ ogun tí a gbàgbé. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà láàárín wọn wá di ẹni tí a gbàgbé láàárín àwọn ẹni ìgbàgbé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1944, ẹ̀ka ìwòsàn tí Isaac wà nínú rẹ̀ dúró sí etí odò náà. Òwúrọ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ti lúgọ dè wọ́n nínú igbó, wọ́n sì da ọta bò wọ́n lójijì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú kú. Àwọn kan sá, wọ́n mú àwọn mìíràn lẹ́rú. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Isaac nítòsí orúnkún, òmíràn bà á ní ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kò lè dìde. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà.

Ìgbà tí ariwo ìbọn dákẹ́, àwọn tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni àwọn tí kò lè rìn, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìkẹyìn, ó ku méjì: Isaac àti David Kargbo, sájẹ́ǹtì kan láti Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró. Òun náà fara gbọgbẹ́. Bí ìrìn ogun bá ti dára ni, àwọn ẹgbẹ́ wọn ìbá padà wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn gan-an ni àwọn Jàpáàn lé gbogbo ẹgbẹ́ 81st náà padà kúrò ní àfonífojì Kaladan, wọn kò sì tún wọ ibẹ̀ títí ọdún fi ń lọ sí òpin. Àwọn méjèèjì kò mọ èyí. Wọ́n dùbúlẹ̀ nínú igbó, lẹ́yìn ojú ogun ọ̀tá, wọ́n ń retí ẹni tí kò ní wá. Òjò ilẹ̀ náà, tí kì í dá fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ń bọ̀ lórí wọn.

Àwọn ará abúlé ni ó mú kí wọ́n má kú. Àwọn kan mú oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì padà mọ́. Ọkùnrin kan padà. Ó tún padà lẹ́yìn ìyẹn. Àgbẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ, kò sì lówó. Orúkọ rẹ̀ ni Shuyiman, ará abúlé Mairong. Ó ń gbé ìrẹsì wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tí ó ṣe, ó kó wọn wá sí ilé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn ìtàn náà wà. Àwọn Jàpáàn ń rìn kiri àgbègbè náà. Bí wọ́n bá bá sójà Gẹ̀ẹ́sì méjì nínú ilé àgbẹ̀, wọn kò ní béèrè ìdí rẹ̀; wọn yóò pa tọkọtaya, bóyá tọmọtọmọ. Àwọn sójà méjì ọ̀hún kò sì ṣeé fi pamọ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ pamọ́. Àwọ̀ wọn kò jọ ti ará ilẹ̀ náà, wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀, ọgbẹ́ wà lára wọn, wọ́n sì ń jẹ nínú ìrẹsì tí kò tó ọmọ onílé. Shuyiman kò mọ Ẹmùré-Ilé. Kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ilẹ̀ Yorùbá rí. Kò sí ẹni tí ó lè san án fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí kan tí ó lè fi dá a lójú pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò padà.

Ó yẹ kí a sọ pé ogun ti pín àwọn ará àgbègbè náà fúnra wọn sí méjì. Láti ọdún 1942 ni ìjà ti wà láàárín àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Àwọn Mùsùlùmí fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sì fara mọ́ Jàpáàn. Ẹnì kan lè fi èyí ṣàlàyé ohun tí Shuyiman ṣe, kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwa kò rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó ń gbé àwo ìrẹsì wọ igbó nínú òjò. Isaac àti David sọ fún àwọn tí ó gbà wọ́n pé Mùsùlùmí ni àwọn náà, wọ́n sì gba orúkọ Mùsùlùmí. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́, níbi tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti inú ilé kan náà, kò ní ṣòro fún wa láti gba orúkọ méjì lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì tún ti ń tẹ̀ síwájú, àwọn ọmọ ogun Gurkha, tí í ṣe ará Nepal, dé abúlé náà, wọ́n sì rí àwọn ọmọ Áfíríkà méjì tí wọ́n ti kà mọ́ àwọn tí ó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni Isaac kúrò ní ilé Shuyiman. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Kò rí olóore rẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwa ará apá Faransé kò lè gbọ́ "oṣù Kejìlá ọdún 1944" kí ara wa má bù máṣọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn gan-an ni àwọn ológun Faransé yìnbọn pa àwọn tirailleurs sénégalais ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Àwọn Jámánì ni ó ti mú wọn lẹ́rú láti ọdún 1940. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ilẹ̀ Áfíríkà ni, owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì ń béèrè. Tirailleurs wá láti gbogbo Afrique Occidentale française, Dahomey náà sì wà nínú rẹ̀. Iye tí ìjọba Faransé sọ pé ó kú nígbà náà ni 35. Àwọn òpìtàn kò gbà á. Ọdún 2024 ni Ààrẹ Faransé tó pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìpakúpa. Ní oṣù kan náà, ní igbó tí kò sí ẹni tí ó jẹ Isaac ní gbèsè, àgbẹ̀ kan ń fi ìrẹsì ọmọ rẹ̀ bọ́ ọ. Níbi tí gbèsè wà, ọta ni wọ́n fi san án.

Isaac padà sí Ẹmùré-Ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tọ́ mọ́. Títí ọjọ́ ikú ni ó fi tiro. Ó ti kúrò ní ọmọdé báyìí, a ó sì mú ìlérí wa ṣẹ. Bàbá Isaac wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, wọ́n ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ìyàwó, wọ́n bí ọmọ, wọ́n rán àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì rí ọmọ ọmọ. Apá yìí ni ó gùn jù nínú ìgbésí ayé wọn, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kúrú jù lẹ́nu wa, bí ó ti máa ń rí nínú ìtàn àwọn sójà. Ogun wọn kò ju ọdún díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi jí láàárọ̀, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tiro náà lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ti ibi iṣẹ́ wá bójú tó ilé. Ẹni tí ó bá ní bàbá báyìí nílé mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. A kì í fún èèyàn ní àmì ẹ̀yẹ lórí rẹ̀.

Àwọn bàbá tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn lọ gba pension rí mọ bí ó ti rí. Ní ìparí ọdún 1959, bí òmìnira ti ń bọ̀, ìjọba Faransé ṣe òfin kan tí ó dá owó àwọn sójà ilẹ̀ tí ó gba òmìnira dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní cristallisation nìyẹn. Owó ọjà ń gbówó lórí, ti sójà Faransé ń gòkè, ti sójà Kétu dúró sí ibi tí wọ́n fi í sí. Ìgbà tí fíìmù Indigènes ti Rachid Bouchareb jáde ní ọdún 2006 ni ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí ti àwọn aláṣẹ, tí wọ́n sì pinnu láti mú owó náà bára dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti wà ní sàréè nígbà náà. A kò sọ èyí láti yin Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn náà kò ṣe tó fún àwọn tí ó jà fún wọn ní Bọ́mà. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ bàbá nínú àwòrán fi dákẹ́. Èèyàn kì í fẹ́ sọ ìtàn ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Bàbá Isaac kò dákẹ́. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n jókòó, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kúrò nílé títí dé ọjọ́ tí wọ́n padà. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò BBC ń wá ìrántí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ja ogun náà ní ọdún 1989, ìwé tiwọn ti wà nílẹ̀. Ó dé Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jókòó síbẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé. Ní ọdún 1999, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n David Killingray ni ó sì ṣètò rẹ̀. Ìwé kékeré ni. Àkọlé tí ó ní, A Stroke of Unbelievable Luck, ń sọ nípa oríire tí ó ṣòro láti gbà gbọ́. Àwa rò pé Yorùbá kan yóò kàn ní orí wọn kò gbàbọ̀dè ni.

Nínú ìwé yẹn, orúkọ Shuyiman wà níbẹ̀ ketekete. Ẹ rò ó wò. Sójà tí ó dùbúlẹ̀, tí ọgbẹ́ ń jẹ, rántí orúkọ àgbẹ̀ kan ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e mọ́ra fún ogójì ọdún títí tí ó fi rí ibi kọ ọ́ sí. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ fún ẹni tí olóore rẹ̀ wà ní àdúgbò. Ti Bàbá Isaac, òkun ni ó wà láàárín, ìjọba ológun sì ti ti ilẹ̀kùn Bọ́mà pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó lè gbé lẹ́tà láti Èkó dé Mairong.

Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó wá di ilé ìfìwéránṣẹ́ ọ̀hún. Barnaby Phillips ni orúkọ rẹ̀. Ó ka ìtàn náà, ó wá Bàbá Isaac dé Èkó, ó bá wọn láàyè, orí wọn sì pé. Bàbá kọ lẹ́tà sí ẹbí Shuyiman, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 2011, Phillips gba ojú odò Kaladan gòkè lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pàdé. Shuyiman ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n mọ ìtàn náà, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nínú ilé tiwọn bí Bàbá Isaac ti ń sọ ọ́ ní Èkó. Phillips fi lẹ́tà náà jíṣẹ́ fún wọn. Ọdún 67 ni ọpẹ́ náà ti wà lọ́nà. Àwòrán ẹbí Shuyiman ni ó mú padà wá fún Bàbá, kí wọ́n lè rí àwọn tí olóore wọn bí. Fíìmù tí ó ṣe nípa ìrìn-àjò yìí, The Burma Boy, jáde lórí Al Jazeera ní ọdún yẹn, ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Another Man's War sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2014.

Àwọn ènìyàn Shuyiman ni ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Òfin ọdún 1982 ní Bọ́mà ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, bí ẹni pé àlejò ni wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti gba àlejò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ọdún kan péré lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rakhine, níbi tí odò Kaladan wà. Wọ́n dáná sun abúlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì sá kúrò nílé. Ní oṣù Kẹwàá, ó tún bẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 2017, ó lé ní 700,000 nínú àwọn Rohingya tí wọ́n lé ré ààlà kọjá lọ sí Bangladesh.

Bàbá Isaac Fadoyebo kò rí èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n papò dà, ní ẹni ọdún 86. Lẹ́tà náà ti dé kí ọ̀nà tó dí.